Báwo ni mo ṣe lè fi èsì HYROX mi mọ ohun tó yẹ kí n tẹra mọ́?

Ẹ kọ́kọ́ wo eré sísá yín. Nínú ìdíje HYROX, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lẹ sá kìlómítà 1, iṣẹ́ agbára kan sì tẹ̀ lé ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkókò gbogbo wọn wà nínú èsì. Ẹ fi kìlómítà kejì wé ìkeje. Bí ìkeje bá fi nǹkan bí ìṣẹ́jú kan pẹ́ jù ú lọ, ó jọ pé ẹ ti sáré jù níbẹ̀rẹ̀, tàbí kí èémí yín má tíì gùn tó: ẹ fi eré gígùn tí kò le kún ìdánrawò yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìkẹta àti ìkẹrin nìkan ló bàjẹ́, títì àti fífà sled (irin tí wọ́n di ẹrù lé, tí ẹ ń wọ́ nílẹ̀) tó ṣáájú wọn ló tán ẹsẹ̀ yín lókun. Ẹ máa ti ẹrù wúwo, kí ẹ sì sáré lójú ẹsẹ̀, láìsinmi.

Ẹ wo Roxzone náà dáadáa o, àkókò tí ẹ fi ń wọlé jáde láàárín eré àti iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú ló ń ṣòfò síbẹ̀.