i7 àlòkù àbí i3 tuntun? Ẹ má tíì sanwó

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ní wọ́n fi kọ̀ǹpútà àlòkù kan tó ní i7 lọ̀ yín, pé tuntun kan tó ní i3 tún wà ní iye kan náà (orúkọ prósẹ́sọ̀, ìyẹn ọpọlọ kọ̀ǹpútà, ni i3 àti i7), ẹ sì fẹ́ mọ èyí tí ẹ máa mú fún ẹ̀yin, bàbá àwọn ọmọ àti ọmọ mẹ́ta tó ń lọ sílé ìwé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn gan-an lèmi náà dúró sí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ohun tí ojú mi sì rí níbẹ̀ kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

i7 ni wọ́n tà fún mi. Ẹni tó tà á kò sọ fún mi pé i7-3770 ni, ìyẹn ìran kẹta, tó jáde lọ́dún 2012. Èmi rò pé 7 ṣáà ju 3 lọ. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì "-" nínú orúkọ ẹ̀ ni kí ẹ máa wò. Nínú i7-3770, 3 tó ṣáájú ni ìran rẹ̀. Nínú i3-12100, 12 ni. i3-12100 yìí jáde lọ́dún 2022, core (apá tó ń ṣiṣẹ́ nínú prósẹ́sọ̀) mẹ́rin ló ní, core mẹ́rin náà ni i7-3770 ní, ṣùgbọ́n tí ẹ bá jọ fi wọ́n ṣiṣẹ́, i3 yẹn á fi i7 yẹn sílẹ̀ sẹ́yìn pátápátá. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé èyí fún mi. Àwọn tó yẹ kó ṣàlàyé ẹ̀ ló ń fi àìmọ̀ wa jẹun.

Inú i7 tèmi yẹn, háàdì dísìkì àtijọ́, ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó fáìlì pa mọ́ sí, ló wà níbẹ̀, èyí tó ń yí bí àwo rẹ́kọ́ọ̀dù. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ó ń ṣiṣẹ́, ó kàn ń falẹ̀ ni. Tí mo bá tàn án láàárọ̀, màá ti wẹ̀ tán kó tó ṣe tán. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá dúró lójijì, tí n óò tẹ nǹkan tí kò ní mira. Mo wá ń gbọ́ ìró kan nínú ẹ̀, kẹ́-kẹ́-kẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi èékánná kan pákó. Mo gbé e lọ bá atúnkọ̀ǹpútàṣe, mo sì sọ ti ìró yẹn fún un. Kò tilẹ̀ fetí sí i. Ó ní fáírọ́ọ̀sì ni, pé àwọn ọmọ mi ló ń gba géèmù kiri. Ó gbowó, ó fọ́máàtì ẹ̀, ìyẹn ni pé ó pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́. Mo ní àwọn fáìlì mi ńkọ́? Ó ní òun ti kó wọn sápá kan. Apá tó kó wọn sí, inú dísìkì kan náà ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kò pé, ìró yẹn padà wá. Ó ní RAM, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń gbé iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí, ló bàjẹ́. Mo ra RAM. Ó tún ní power supply, èyí tó ń fún un níná, ni. Mo ra power supply. Gbogbo ìgbà tí mo bá dárúkọ ìró yẹn, á ní kí n fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún oníṣẹ́. Àkọ́bí mi ń kọ iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà náà lásìkò yẹn, ó ti kọ ogójì ojú ewé ó lé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, a tẹ̀ ẹ́, kò dìde mọ́. Dísìkì ti kú. Iṣẹ́ ọmọ mi bá a lọ. Fọ́tò ọdún mẹ́sàn-án bá a lọ, títí kan èyí tí bàbá mi ti gbé àbíkẹ́yìn mi lẹ́sẹ̀, kí wọ́n tó papòdà. N kò ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Mo ṣì ń rí ìjókòó wọn nínú fọ́tò yẹn bí mo bá ti dijú.

Ohun tó ń dùn mí jù ni pé ìṣẹ́jú méjì péré ni ì bá gbà á láti mọ̀. Ètò ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ CrystalDiskInfo. Ẹ ṣí i, á sọ fún yín bóyá ara dísìkì le: Good (ó dára), Caution (ẹ ṣọ́ra) tàbí Bad (ó ti bàjẹ́), á sì sọ iye wákàtí tó ti fi ṣiṣẹ́. Èmi fúnra mi ni mo padà fi wo dísìkì tí atúnkọ̀ǹpútàṣe yẹn fi rọ́pò èyí tó kú, tó ní tuntun ni. Wákàtí 38,000 ni mo bá níbẹ̀. Ẹ ṣírò ẹ̀: ó ju ọdún mẹ́rin lọ, tọ̀sán-tòru. Kò tilẹ̀ tijú nígbà tí mo fi hàn án.

Nítorí náà, SSD, irú dísìkì ìgbàlódé, ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, kí ẹ tó bèèrè i-kí-i. Kò ní ohun tó ń yí nínú, ìyàtọ̀ tí ẹ ó sì rí ju èyí tí i3 àti i7 lè fún yín lọ. 512GB tó fún ìdílé. SSD náà lè kú o, kì í tilẹ̀ í pariwo kó tó kú, ẹ ra dísìkì kan tó ń wà níta, kí ẹ máa da fọ́tò àti iṣẹ́ ilé ìwé sí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì yọ ọ́ kúrò lára kọ̀ǹpútà tí ẹ bá ti ṣe tán. RAM, 16GB. 8GB á gbé ẹnì kan, kò ní gbé èèyàn márùn-ún tó ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ogún lẹ́ẹ̀kan náà. Mónítọ̀, ìnṣì 24 tó jẹ́ 1920×1080, ó ti tó.

Ohun mìíràn tí ẹni tó ń ta i7 yẹn kò ní sọ: Microsoft ti dáwọ́ àtìlẹ́yìn fún Windows 10, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Windows 11 ní tirẹ̀ ń béèrè TPM 2.0, ìyẹn ohun ààbò kan nínú kọ̀ǹpútà, kò sì gba prósẹ́sọ̀ Intel (ilé iṣẹ́ tó ń ṣe i3 àti i7) tí ìran rẹ̀ kò tó 8, àfi díẹ̀ kín-ún. Àwọn kan á ní àwọn lè fi ọgbọ́n gbé e wọ inú ẹ̀. Ẹ má gbà. Microsoft kò ṣèlérí pé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á máa rí àtúnṣe ààbò gbà, àwọn ọmọ yín ló sì máa lò ó.

Kì í ṣe pé àlòkù burú o. Èyí tí mo ń lò báyìí, àlòkù ọ́fíìsì ni, i5-8500, core mẹ́fà, SSD ni mo fi sí i, kò tíì fún mi ní wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n tàn án lójú yín. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, kí ẹ lọ síbi Performance: gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ á hàn, orúkọ prósẹ́sọ̀, iye RAM, bóyá SSD ni dísìkì ẹ̀. Ẹ wọ inú BIOS, ìyẹn ojú ètò tó wà ṣáájú kí Windows tó ṣí, wò, bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Ọ̀pọ̀ àlòkù ọ́fíìsì ni kò ní Wi-Fi. Power supply wọn náà máa ń ní ẹnu tirẹ̀, tó bá jó, ti ọjà lásán kì í sábà wọ̀ ọ́.

Èyí tó wù kí ẹ rà, ẹ ṣí ojú ìwọlé tirẹ̀ fún ọmọ kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀, kí ó má jẹ́ ti alábòójútó (administrator).

Ní ti i3 tuntun yẹn, òun ni màá mú láàárín àwọn méjèèjì, ṣùgbọ́n ohun kan ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀. Bí nọ́ńbà ẹ̀ bá parí sí F, bíi i3-12100F, kò ní ohun tó ń gbé àwòrán jáde nínú ara rẹ̀, àfi tí káàdì àwòrán bá wà lọ́tọ̀. Bí wọn kò bá fi káàdì sí i, mónítọ̀ yín á ṣókùnkùn lọ́jọ́ tí ẹ bá gbé e délé. Ẹ ka nọ́ńbà náà tán láìfi ohunkóhun sílẹ̀, kí ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi, pẹ̀lú irú dísìkì tó wà nínú ẹ̀. Màá dá yín lóhùn lálẹ́ yìí.