Irin àtijọ́ tí kò le lẹ́yìn tí a tì í bọ omi

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Mo fi ọ̀pá irin ara géètì àtijọ́ kan rọ ọ̀bẹ. Mo kì í bọ iná títí ó fi pọ́n yòò, mo tì í bọ omi, síbẹ̀ ẹnu rẹ̀ ń ká. Ṣé òróró ló yẹ kí n lò?

Ìdáhùn: Ẹ fi òróró sílẹ̀. Omi ń yára mú irin tutù ju òróró lọ. Irin tí omi kò mú le, òróró kò lè mú un le. Kábọ́ọ̀nù, èròjà inú èédú tó ń jẹ́ kí irin le, ni irin yín kò ní tó. Bí kò bá tó nǹkan bí ìdá 0.3 nínú 100, ẹnu ọ̀bẹ kò ní í le dáadáa.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe irin náà ló fà á. Irin kì í yọ́ àfi bí ooru bá dé 1538°C, àwọn iléru eléèédú àkọ́kọ́ kì í sì sábà gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtírí inú òkúta irin, ló ń yọ́, ní nǹkan bí 1200°C, tó ń ṣàn jáde. Irin á ṣù jọ bíi kànìnkànìn, alágbẹ̀dẹ á sì fi owú lù ú ní gbígbóná kí ìdàrọ́ tó kù lè jáde. Kì í tán pátápátá. Nígbà tó yá, ní 1784, Henry Cort gba ìwé àṣẹ lórí ríro irin yíyọ́ tí kábọ́ọ̀nù pọ̀ nínú rẹ̀ nínú iléru kí kábọ́ọ̀nù lè jóná kúrò. Irú irin bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe géètì àti ẹ̀wọ̀n, kí ọ̀nà tí Henry Bessemer kéde ní 1856 tó mú kí sítíìlì (irin tí a fi ìwọ̀n kábọ́ọ̀nù díẹ̀ sí) pọ̀ káàkiri.

Ẹ dán an wò. Ẹ fi ayùn irin gé ègé kan dé ìdajì, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní tútù títí yóò fi já. Bí ó bá ya ní fọ́nrán-fọ́nrán, tí ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ wà láàárín wọn, ìdàrọ́ nìyẹn. Bí kò bá ní fọ́nrán, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ sítíìlì òde òní tí kábọ́ọ̀nù rẹ̀ kéré.

Ẹ má sọ ọ́ nù o! Irin àtijọ́ dùn ún jó pọ̀ mọ́ òmíràn gan-an, torí ìdàrọ́ inú rẹ̀ ń ṣèrànwọ́. Ẹ ṣe bí àwọn alágbẹ̀dẹ ìgbàanì ti ń ṣe nígbà tí sítíìlì wọ́n: ẹ la ẹnu ọ̀bẹ náà, ẹ ki pẹlẹbẹ fáìlì àlòkù (irinṣẹ́ sítíìlì tí a fi ń ha irin) bọ àárín, ẹ wọ́n yanrìn mímọ́ sí i, kí ẹ lù wọ́n pọ̀ nínú ooru tó ti ń funfun. Bí sítíìlì bá ń ta ẹ̀ta iná, ẹ tètè yọ ọ́. Ó ti ń jóná. Lẹ́yìn tí ẹ bá tì í bọ omi, ẹ ha ẹnu rẹ̀ kó máa dán, kí ẹ tún yá a níná títí yóò fi pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi koríko gbígbẹ, ní nǹkan bí 230°C. Bí ẹ bá fo èyí, yóò máa fọ́ ní ẹnu.