Ọ̀nà Odò Wa Ti Di Géètì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnì kan ra ilẹ̀ lẹ́bàá odò abúlé wa nítòsí Kàbà, ó wá gbé fẹ́ǹsì àti géètì dí ọ̀nà táwọn ìyá wa ń gbà lọ pọnmi. Ṣé ó lẹ́tọ̀ọ́ bẹ́ẹ̀ ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ yìí dùn mí gan-an. Ilẹ̀ ló rà, kò ra odò. Òfin omi Nàìjíríà ti 1993 gbà kéèyàn pọn omi ìlò ilé lọ́fẹ̀ẹ́ níbi odò táráàlú ní ọ̀nà sí, ọ̀nà yẹn gan-an ni ẹjọ́ yín, torí náà ẹ tètè wá àwọn àgbà tó mọ ìgbà tí wọ́n ti ń gbabẹ̀, kẹ́ ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ ya fọ́tò géètì, kẹ́ ẹ gbé e dé ọ̀dọ̀ ọba àti káńsù, torí lábẹ́ òfin ilẹ̀ 1978 káńsù ló ń fúnni níwèé ilẹ̀ abúlé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má wó fẹ́ǹsì o! Ní California, wọ́n ti ọ̀nà etíkun Martins Beach pa báyìí náà, kóòtù làwọn aráàlú gbà lọ, nígbà tó di 2018 kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tí onílẹ̀ náà pè. Tẹ́ ẹ bá ti rí káńsẹ́lọ̀ yín, ẹ kọ̀wé padà sí mi.