Ìwé àṣẹ ìbọn kì í ṣe ohun tí ọmọ ń jogún

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè rẹ. O ní baba rẹ, tí ó jẹ́ ọdẹ ní ẹ̀bá Ọ̀yọ́, fi ìbọn ṣakabùlà kan, irú èyí tí à ń ki ẹ̀tù àti ọta sí láti ẹnu, sílẹ̀ kí ó tó papò dà, pé ìwé àṣẹ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò ọdẹ, o sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí o gba ìwé àṣẹ tìrẹ kí o máa bá iṣẹ́ náà lọ, tàbí kí o tà á, nítorí pé àwọn ènìyàn ń wí fún ọ pé ọdẹ ìbọn ìbílẹ̀ ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Mo bá ọ kẹ́dùn. Ọmọ ọdẹ ni èmi náà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí ọdẹ tẹ̀ dó, nítorí pé ọdẹ ni Ògúnlọlá kí ó tó di Ṣọ̀ún. Ohun tí o ń gbèrò yìí ni mo ṣe láìbèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ojú mi sì rí nǹkan.

Má tíì gbé ìbọn náà jáde kúrò nínú ilé. Òfin Ìbọn ti ọdún 1959 ni a ṣì ń lò, ó sì ya ìbọn tí à ń ki láti ẹnu sọ́tọ̀ ní ìsọ̀rí tirẹ̀, kò kà á mọ́ ìbọn ẹlẹ́nu méjì tàbí àwọn tí a kà léèwọ̀ pátápátá. Ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ọdẹ fi ń rò pé òfin kò kan ṣakabùlà. Ó kàn án. Ìwé àṣẹ ni a fi ń ní i, ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà lára ìwé náà nìkan ni ó sì ń ṣiṣẹ́ fún.

Èmi kò mọ èyí nígbà náà. Lẹ́yìn tí baba mi kú, tí a ti ṣe ìpà ọdẹ, ètò ìkẹyìn fún òkú ọdẹ, tí wọ́n sun ìrèmọ̀jé, arò àwọn ọdẹ, títí ilẹ̀ fi mọ́, mo gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ èjìká, mo gun ọ̀kadà láti Ìkòyí-Ilé, mo ń bọ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìwé àṣẹ baba mi wà lápò àyà mi, ọkàn mi sì balẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá dá wa dúró lójú ọ̀nà. Ọ̀gá wọn ka ìwé náà, ó wo àwòrán baba mi, ó wo ojú mi, ó bèèrè ẹni tí ó ni ín. Mo ní baba mi ni. Ó ní kí n pè é wá. Mo ní ó ti kú. Ó ká ìwé náà mẹ́rin, ó ní, “Òkú kì í gba láísẹ́ǹsì.” Inú àhámọ́ ni mo sùn mọ́jú. Wọ́n gba ìbọn, wọn kò fún mi ní rìsíìtì, èmi náà kò sì bèèrè, nítorí pé ẹni tí wọ́n bá ti bọ́ bàtà àti bẹ́líìtì lára rẹ̀ kì í rántí rìsíìtì.

Oṣù márùn-ún gbáko ni mo fi ń lọ tí mo ń bọ̀. Ìgbà mẹ́rìnlá ni mo dé àgọ́ ọlọ́pàá náà, mo sì ṣì lè sọ ohun tí wọ́n wí ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Lákọ̀ọ́kọ́, ọ̀gá ti lọ ṣe ìpàdé ní Ìbàdàn. Ìgbà kejì, wọ́n ní kí n mú lẹ́tà Olúọdẹ, olórí àwọn ọdẹ, wá. Nígbà tí mo mú un dé, wọ́n ní lẹ́tà baálẹ̀ ni àwọn wí. Nígbà tí mo mú ti baálẹ̀ dé, ẹni tí ó ní kí n mú un wá ti gba ìyípadà lọ sí ibòmíràn, ẹni tí ó rọ́pò rẹ̀ sì ní òun kò gbọ́ nípa ìbọn kankan rí. Mo san owó pépà, mo san owó epo ọkọ̀ wọn, mo ra omi inú ọ̀rá fún àwọn tí kò tilẹ̀ mọ orúkọ mi. Bí mo bá kó owó yẹn fún alágbẹ̀dẹ, ìbọn tuntun ni ì bá rọ fún mi, ì bá sì ṣẹ́ kù.

Èyí tí ó dùn mí jù lọ ni ọjọ́ tí wọ́n gbé ìbọn baba mi jáde. Lẹ́yìn àpótí kan ni ó wà, lórí ilẹ̀ tí òjò ń jò sí, ó ti dípẹtà. Ẹni tí ó gbé e wá na ẹnu rẹ̀ sí ikùn ara rẹ̀ bí ó ti ń wá nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára. Nǹkan kan sọ sí mi lọ́kàn, mo fa ọ̀pá ìkìbọn yọ, mo tì í bọ ẹnu ìbọn. Ó dúró nígbà tí ó ku bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan kí ó kan ìdí. Ẹ̀tù àti ọta tí baba mi kì sí i ṣì wà níbẹ̀! Odidi oṣù márùn-ún ni wọ́n fi ń sún un kiri, tí wọ́n ń gbé àga lé e, tí ẹnikẹ́ni kò sì yẹ̀ ẹ́ wò. Mo gbà pé ẹ̀bi tèmi ni ó ṣáájú, nítorí pé èmi ni mo gbé ìbọn kíkì gun ọ̀kadà, bí baba mi bá sì wà láyé ni, ẹgba ni ì bá fi bá mi wí. Ṣùgbọ́n àwọn tí a ní kí wọ́n máa yẹ ìbọn wa wò ni kò mọ̀ pé irú ìbọn yìí kò ní ibi tí a ti ń ṣí i wò láti ẹ̀yìn.

Nítorí náà, kí o tó ronú kan ìwé rárá, yí ẹnu ìbọn baba rẹ sí ibi tí kò sí ènìyàn, ti ọ̀pá náà bọ̀ ọ́ títí yóò fi dúró, fi èédú sàmì sí i ní ẹnu ìbọn, kí o wá fà á yọ kí o sì fi wọn ara irin ìbọn láti ìta. Bí o bá gbé àmì náà sí ẹnu ìbọn tí orí ọ̀pá kò sì dé ìdí irin, ìbọn náà kún. Má yìn ín dànù, má sì gbé e sún mọ́ iná. Wá àgbà ọdẹ tàbí alágbẹ̀dẹ tí yóò tú u, nítorí pé ẹ̀tù tí ó ti pẹ́ nínú irin kò kú. Bí ó bá sì jẹ́ páìpù omi ni wọ́n fi rọ ọ́, bí àwọn alágbẹ̀dẹ kan ti ń ṣe nísinsìnyí, gbé e kọ́ ògiri títí ayé, ọjọ́ tí yóò bẹ́ lójú ẹni kò ní àmì. Èyí tí ó dára náà kò fẹ́ kí a fi òun sílẹ̀ láìfọ̀, nítorí pé èérí ẹ̀tù a máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́; omi gbígbóná ni a fi ń fọ̀ ọ́ ní alẹ́ ọjọ́ tí a yìn ín, kí a tó fi òróró pa á.

Ní ti ìwé àṣẹ, ohun tí wọ́n bèèrè lọ́wọ́ mi nìyí: fọ́ọ̀mù, àwòrán pélébé, lẹ́tà Olúọdẹ àti ti baálẹ̀, owó. Kí ìwọ àti Olúọdẹ jọ lọ sọ fún àwọn ọlọ́pàá nípa ìbọn náà kí wọ́n tó rí i lọ́wọ́ rẹ, bí wọ́n bá sì ní kí o gbé e wá fún ìpamọ́, òfìfo ni kí o gbé e lọ, pẹ̀lú ẹlẹ́rìí. Gba rìsíìtì.

Níwọ̀n bí o ti wà ní Ọ̀yọ́, ṣọ́ra fún igbó ìjọba. Ọgbà ẹranko Ọ̀yọ́-Ilé, tí ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní ìlú yín níbẹ̀, fẹ̀ ju kìlómítà 2,500 níbùú lóròó lọ. Àwọn baba wa ń ṣọdẹ ní apá kan rẹ̀ kí ó tó di ọgbà ìjọba àpapọ̀ ní 1991, ìdí nìyí tí àwọn àgbà kan fi ń júwe ọ̀nà ibẹ̀ fún ọmọ bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Ìwé àṣẹ ìbọn kò gbà ọ́ níbẹ̀, ìbáà jẹ́ ehoro ni o ń lé.

O bèèrè bóyá iṣẹ́ náà ní ọjọ́ iwájú. Kí n má parọ́ fún ọ, ẹ̀tù ń bà mí lẹ́rù ju ọlọ́pàá lọ, nítorí pé àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ń kú, ọmọ wọn sì ń gun ọ̀kadà. Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ti ya àsìkò ọdẹ sọ́tọ̀ fún irú ìbọn yìí, jìnnìjìnnì bá wọn ní 2021 nígbà tí iléeṣẹ́ GOEX, tí ń ṣe ẹ̀tù dúdú ní Louisiana, kéde pé òun ń kógbá sílé, kí ẹlòmíràn tó rà á. Ní tiwa, láti ìgbà tí wọ́n ti dá ẹ̀ṣọ́ ààbò Àmọ̀tẹ́kùn sílẹ̀ ní 2020 ni ìjọba ti tún rántí pé ọdẹ wúlò. Ọdẹ kan náà tí wọ́n ń yìn lórí rédíò ní òwúrọ̀ ni wọ́n ń dá dúró lójú ọ̀nà ní ìrọ̀lẹ́.

Ní ti títà, má tà á fún ẹni tí kò ní ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ kan náà ni lójú òfin, ẹni tí ó sì ń wá ìbọn rà láìsí ìwé lè má jẹ́ ọ̀yà ni ó fẹ́ pa. Bí ó bá wù ọ́ láti ṣọdẹ, gba ìwé tìrẹ. Ìbọn tèmi ti jẹ láti inú, alágbẹ̀dẹ sì kìlọ̀ pé n kò gbọ́dọ̀ ki ẹ̀tù sí i mọ́ láéláé. Ara ògiri ni ó wà, lókè ibùsùn mi, mo sì ń lọ sọ ìwé àṣẹ rẹ̀ dọ̀tun lọ́dọọdún.