Ṣé àìsàn ni ìdààmú ọkàn tí kò lọ lẹ́yìn àdánù?

Ẹ béèrè bóyá orí ẹ̀gbọ́n yín obìnrin ti fẹ́ dàrú, nítorí pé láti oṣù 2 tí ìsọ̀ aṣọ rẹ̀ ti jóná ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sùn dáadáa, kò sì fẹ́ dé ọjà mọ́. Ohun tí ẹ ṣàlàyé jọ èyí tí àwọn dókítà ń pè ní adjustment disorder, ìyẹn ni pé ìyípadà burúkú dé, ọkàn kò sì rí i gbà mọ́ra. Kì í ṣe wèrè, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè é ní ọ̀lẹ.

Ó sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láàárín oṣù 3 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Gbogbo ènìyàn ni àdánù ń bà nínú jẹ́. Àmọ́ tí ènìyàn bá jókòó ti àmàlà títí tí ó fi tutù, tí ó ń ro ohun kan ṣoṣo láti àárọ̀ di alẹ́, tí iṣẹ́ àti àjọṣe rẹ̀ sì ń bàjẹ́, ó yẹ kí dókítà rí i, pàápàá nítorí pé ó lè jẹ́ ìsoríkọ́ tí ó le jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ pẹ̀lú onímọ̀ nípa ìlera ọpọlọ ni ìtọ́jú tó ṣe pàtàkì jù. Dókítà lè fi oògùn díẹ̀ kún un, ṣùgbọ́n ẹ má ra oògùn oorun fún un fúnra yín. Ó sábà máa ń lọ láàárín oṣù 6 tí wàhálà náà bá ti rọlẹ̀. Tí ó bá sọ pé ikú yá ju èyí lọ, ẹ má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.