Èsì: Áàpù ìròyìn àti kàlẹ́ńdà olówó, ṣé kí n rà á?
Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹ sanwó áàpù ìròyìn àti kàlẹ́ńdà sórí Mac (kọ̀ǹpútà Apple) ṣọ́ọ̀bù yín ní Òkè-Fìà, l'Óṣogbo níbí. Ti ìròyìn, ẹ má náwó sí i rárá: ọ̀fẹ́ ni NetNewsWire, ó sì ṣeé fọkàn tán. Kàlẹ́ńdà ló gba àròjinlẹ̀. Áàpù kàlẹ́ńdà Fantastical dùn-ún lò gan-an. Ẹ kọ “lunch Friday 1pm”, òun fúnra rẹ̀ á gbé e sí ọjọ́ àti aago tó yẹ. Ṣùgbọ́n láti 2020 ló ti di owó oṣooṣù tàbí ọdọọdún, owó tí kì í tán nìyẹn. BusyCal ló wù mí jù, torí ẹ̀ẹ̀kan lẹ máa rà á. Èyíkéyìí tí ẹ bá fẹ́ mú, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ó lè kó gbogbo ọjọ́ tí ẹ ti kọ sílẹ̀ jáde sínú fáìlì .ics, irú fáìlì tí áàpù kàlẹ́ńdà mìíràn lè kà. Èyí tí kò bá lè ṣe é, ẹ fi sílẹ̀ fún wọn.