Ṣé Tábúlẹ́ẹ̀tì Kò Ní Pa Ahọ́n Ọmọ Mi?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún méje, ọ̀rọ̀ tí a sì ń gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ kò ju "màmá" àti "rárá" lọ. Bí a bá ní kí ó gbé bàtà wá, yóò gbé e wá. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀ sísọ ní ilé ìwé rẹ̀ ní kí a ra tábúlẹ́ẹ̀tì tí yóò máa pe ọ̀rọ̀ jáde bí ọmọ bá ti tẹ àwòrán. Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n ti Òmù-Àrán wá bá wa gbé ní Ìlọrin, ní bí ẹ̀rọ bá ti ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, ahọ́n rẹ̀ yóò kú ni. Bàbá rẹ̀ ní kàtúùnù ni yóò máa fi wò. Kí ni kí n ṣe? Ìyá Ọlọ́mọ, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú làálàá ọmọ, ìyá wa. Ẹ̀rù tí ó ń ba ìyá ọkọ yín ti ba àwọn onímọ̀ náà rí, òun ni wọ́n ṣe wádìí rẹ̀. Ní ọdún 2006, àwọn olùwádìí mẹ́ta ní Amẹ́ríkà tẹ àbọ̀ àyẹ̀wò kan jáde, nínú èyí tí wọ́n ti wo ènìyàn 27 tí a fi àmì ọwọ́ tàbí àwòrán kọ́ láti máa bá ènìyàn sọ̀rọ̀. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ dín kù, ọ̀rọ̀ ìdá 89 nínú ọgọ́rùn-ún wọn sì pọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé díẹ̀díẹ̀ ni. Òótọ́ ni pé kì í ṣe ẹ̀rọ ni wọ́n fi kọ́ wọn, iPad pàápàá kò tíì jáde nígbà náà, ọdún 2010 ni ó dé, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kan náà ni àwòrán àti ẹ̀rọ ń ṣe.

Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn oníṣègùn etí ní UITH, ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìlọrin ní Òkè-Òsé, yẹ etí rẹ̀ wò. Ọmọ tí ó ń gbé bàtà wá lè jẹ́ pé ojú àti ọwọ́ yín ni ó ń wò, kí ó má jẹ́ pé ohùn yín ni ó ń gbọ́.

Ti kàtúùnù kò le. Àti iPad àti tábúlẹ́ẹ̀tì Android ni a lè tì mọ́ orí áàpù kan ṣoṣo. Áàpù ọ̀fẹ́ tí ń fi àwòrán sọ̀rọ̀ náà wà, Cboard jẹ́ ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gba tábúlẹ́ẹ̀tì náà lọ́wọ́ ọmọ láti fi jẹ ẹ́ níyà, nítorí ẹnu rẹ̀ ni.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an ni èdè. Ohùn Òyìnbó inú ẹ̀rọ kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Nítorí náà, ẹ wá áàpù tí ó gbà yín láàyè láti gba ohùn ara yín sílẹ̀; ohùn tí a ti gbà sílẹ̀ báyìí kò nílò dátà. Ọmọkùnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kí ó sọ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ náà, kí ọmọ yín má baà máa fi ohùn ìyá àgbà bèèrè bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì kó orúkọ nǹkan nìkan sí i. "Sí i", "ó tó", "wá", "ó ń dùn mí" ni yóò wúlò jù, kí ẹ má sì máa ṣí àwòrán nípò, torí ìka ọmọ a máa mọ ọ̀nà.

Àṣìṣe tí mo rí jù ni kí òbí gbé ẹ̀rọ fún ọmọ, kí ó sì káwọ́ gbera. Ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ máa tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá gbé ẹ̀kọ àti wàrà síwájú rẹ̀ ní òwúrọ̀, ẹ tẹ "wàrà", kí ẹ sì fi ẹnu sọ ọ́, kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ ka ení, èjì dé ẹ̀wá nínú yín. Bí ìka rẹ̀ bá ṣèèṣì bọ́ sórí "bọ́ọ̀lù", ẹ gbé bọ́ọ̀lù fún un, kí ó lè rí i pé ohun tí òun tẹ̀ ní àbájáde. Ẹ má ṣe fi oúnjẹ dù ú nítorí pé kò tẹ nǹkan kan.

Ẹ ya àwọn àwòrán náà sórí bébà, kí wọ́n fi rọ́bà bò ó fún yín ní bísínẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà, nítorí ọjọ́ tí iná bá lọ tí bátìrì sì kú, ebi yóò ṣì máa pa ọmọ. Ní ti ìyá ọkọ yín, "Ẹ káàárọ̀, màmá àgbà" ni kí ẹ kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ náà, kí ọmọ tẹ̀ ẹ́ níwájú wọn bí ó bá ti dọ̀bálẹ̀ tán.